Ọ̀dà Tí Mò Ń Tà Kọ́ Ló Wà Nílẹ̀ Ilé Ọkọ̀ Mi

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí mo lè jẹ́ nínú ìjọ. Bí mo bá dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, tí mo ní kí àwọn ará bá mi gbé Olúwa ga nítorí ilẹ̀ kọnkéré, wọn yóò sọ pé òórùn tínà ti kó sí mi lágbárí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú mi, ó sì tọ́ kí àwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní agbègbè wa gbọ́ ọ: ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, ẹ̀yin ará Ìbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òkokomáíkò àti Àjàngbàdì. Ó tọ́ kí àwọn oníbàárà mi náà gbọ́ ọ, nítorí àwọn ni mo pa á mọ́ fún jù.

Ọlọ́dà ni mí. Ìyá Ọlọ́dà ni gbogbo òpópónà mọ̀ mí sí ní Òkokomáíkò. Ẹni tí kò mọ orúkọ àkọ́bí mi mọ ìyẹn. Mò ń ta ẹmọ́ṣọ̀n fún ògiri, gílọ́ọ̀sì fún ilẹ̀kùn, tẹ́skóòtù fún ìta ilé, mo sì ń ta epoxy fún ilẹ̀. Nínú gbogbo wọn, epoxy lèrè rẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí jù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹmọ́ṣọ̀n mélòó ni n ó tà kí n tó rí èrè tí epoxy ilẹ̀ kan ṣoṣo ń fún mi? Èmi ni mò ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n kùn ún, èmi náà ni mò ń gbé fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp. Nígbà tí mo wá kọ́ ilé tèmi ní ìhà Ìbà, tí wọ́n da ilẹ̀ ilé ọkọ̀ tán, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń retí ọ̀dà, mi ò kun epoxy sí i. Ìgbà kan wà tí mo máa ń sáré ti géètì ilé ọkọ̀ náà bí mo bá gbọ́ pé oníbàárà ń bọ̀ wá kí mi nílé.

Ẹ̀sìtéètì Ìbà ni mo dàgbà sí, ọ̀kan lára àwọn tí Alhaji Lateef Jakande kọ́ fún mẹ̀kúnnù nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó láàárín 1979 sí 1983. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní Volks, ìyẹn ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ojú títì Bádágírì lọ́dún 1975. Ó ní ìjàpá kan, kì í ṣe èyí tó ń rìn nínú igbó o. Ọkọ̀ náà kò nílé. Orí yanrìn ló ń sùn, gbogbo ọ́ìlì tó bá sì jò sílẹ̀ ni yanrìn ń mu, títí ojú ibẹ̀ fi dúdú tí koríko kò hù níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ inú ilé nìkan la ń tọ́jú. Sìmẹ́ńtì ni, Cardinal pupa la sì ń fi pa á. Àwọn ẹgbẹ́ mi mọ agolo náà. Ní Sátidé a ó kúnlẹ̀, a ó fi akísà bù ú, a ó máa fi pa ilẹ̀ títí apá yóò fi ro wá. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé á fi akísà gbígbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀, wọn á máa fi ijó nù ún kó lè dán. Kò sí ìbọ̀sẹ̀ iléèwé tó funfun nínú ilé wa. Gbogbo wọn ló ní àtẹ́lẹsẹ̀ pupa. Nígbà òjò, ọ̀rinrin máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá, Cardinal á ṣú, á funfun láwọn ojú kan, kò sì sẹ́ni tó bínú. Bí òjò bá lọ, a ó tún pa á. Ìda ni, kò lẹ̀ mọ́lẹ̀ débi tí yóò fi hó.

Ọmọkùnrin mi kejì wà ní Houston. Òun ló kọ́kọ́ fi fọ́tò ilé ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti kun epoxy sílẹ̀, wọ́n fọ́n ìpẹ́pẹ́ aláràbarà lé e lórí, dúdú, funfun àti aláwọ̀ eérú, wọ́n wá fi ọ̀dà mìíràn tó mọ́ gaara bò ó. Ilẹ̀ náà ń tàn yòò. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Mọ́mì, irú èyí la máa ṣe sílé o. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ yẹn dà bíi ti mẹkáníìkì. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń tà á?"

Ó sì fowó ránṣẹ́.

Mo fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ẹ̀rí ni mò ń jẹ́: mo fẹ́ ẹ ju ọmọ náà lọ. Ní Èkó yìí, ta ló ń gbé ọkọ̀ nìkan sínú ilé ọkọ̀? Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ àti dúrọ́ọ̀mù omi ń gbé (ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ náà níbẹ̀ o, èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn sójú oorun). Ibẹ̀ la ń to àga sí bí àwọn lanlọ́ọ̀dù bá ń ṣèpàdé. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń jókòó sí lọ́jọ́ ìṣílé. Mo ti rí i lójú inú mi, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi nínú aṣọ ẹbí, tí wọ́n ń tẹrí wo ilẹ̀ mi, tí wọ́n ń rí gèlè ara wọn níbẹ̀. Ìgbéraga ni. Mo mọ̀ pé ìgbéraga ni, mo sì ń gbádùn rẹ̀.

Páálí kan tó wà lábẹ́ káńtà mi ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Inú páálí náà ni mo ń kó awọ epoxy tó hó sí. Oníbàárà á gbé e wá pẹ̀lú ìbínú, á ní, "Ìyá Ọlọ́dà, fẹ́ẹ̀kì lẹ tà fún mi." Èmi kì í jà. N ó gba awọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, n ó yí i padà, n ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ló ń sọ òótọ́. Bí ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn náà, ọ̀dà ò lẹ́ṣẹ̀. Ó lẹ̀ dáadáa, ohun tó lẹ̀ mọ́ ni kò lágbára. Bíríkìlà ti da omi púpọ̀ jù sí kọnkéré, tàbí ó fọ́n sìmẹ́ńtì gbígbẹ lé e lórí nígbà tó ń fi tírọ́wẹ́lì dán an, awọ fẹ́lẹ́ kan wá wà lójú ilẹ̀ tí èékánná lè họ kúrò. Bí ẹ̀yìn bá mọ́, tó ń dán, tí oníbàárà sì sọ pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rin, pé òun rí iyọ̀ funfun kan níbẹ̀, omi ló ti ìsàlẹ̀ wá. Bó bá sì jẹ́ ojú ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dúró sí nìkan ló hó, tí ibi yòókù wà pa, iṣẹ́ ooru táyà nìyẹn: ẹni náà ti Bádágírì dé nínú oòrùn ọ̀sán, ó wa ọkọ̀ wọlé, rọ́bà gbígbóná rọ ọ̀dà tó fẹ́lẹ́, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tó fẹ́ jáde láàárọ̀, táyà ká a lọ.

Irú kejì, èyí tí omi ṣe, ló pọ̀ jù nínú páálí mi. Kò sì yà mí lẹ́nu. Ẹ wo ibi tí à ń gbé. Odò tó ti ọ̀sà Èkó lọ sí Bádágírì gba gúúsù Ọ̀jọ́ kọjá, àbàtà sì yí wa ká. Ọ̀pọ̀ àwọn ilé tuntun ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, orí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí ni wọ́n wà. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga níbẹ̀, okùn tí ẹ ó fi fa omi kò ní gùn. Bó bá di oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́, omi kànga tèmi máa ń gòkè débi tí ọmọ kékeré lè fi ọwọ́ kan fa korobá jáde. Omi yẹn kò jìnnà sí abẹ́ ilẹ̀ ilé. Kọnkéré sì kún fún ihò wínníwínní tí ojú kò lè rí. Ọ̀rinrin ń gba inú wọn gòkè lójoojúmọ́, ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ wá kun epoxy, tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan kọjá. Ọ̀rinrin náà kò ní tìtorí ọ̀dà padà sínú kànga. Á kóra jọ sábẹ́ rẹ̀, á tú iyọ̀ inú sìmẹ́ńtì, á máa ti ọ̀dà náà sókè díẹ̀díẹ̀ bí ìkòkò tó ń hó ṣe ń ti ọmọrí rẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ rí i tó lé ròrò láwọn ojú kan. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún un, omi ni yóò jáde.

Nígbà tí bíríkìlà mi fẹ́ da ilẹ̀ ilé ọkọ̀ náà, mo dúró tì í. Ọmọ Ègùn ni, láti ìhà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn tó bá mọ iṣẹ́ ilẹ̀ dídà àti táìlì ní títì Bádágírì yìí mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ló ń ṣe é fínnífínní jù. Sìmẹ́ńtì 42.5 ni mo rà. Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti pàṣẹ pé òun ni kí a máa fi da kọnkéré àti òpó, kí a fi 32.5 mọ sórí rírẹ́ ògiri. Ó pò ó ní ọ̀kan, méjì, mẹ́rin: páànù sìmẹ́ńtì kan, ti yanrìn méjì, ti gíráńáìtì mẹ́rin. Nígbà tó dà á tán, ó fi àpò bò ó, ó ní kí a máa bu omi wọ́n ọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe oòrùn la fẹ́ kó gbẹ ẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, kọnkéré kì í gbẹ kó tó le. Omi ló ń jẹ kó tó le."

Òótọ́ ló sọ. Sìmẹ́ńtì àti omi ló ń para pọ̀ di òkúta. Bí omi bá tètè lọ, iṣẹ́ dúró lágbedeméjì. Ọjọ́ 28 tí gbogbo àwa ọlọ́dà máa ń pariwo pé kí ènìyàn dúró kó tó kun epoxy, ọjọ́ tí wọ́n fi ń wọn agbára kọnkéré ni. Gbígbẹ ọ̀tọ̀ ni. Àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ ní òkè òkun máa ń sọ pé kí ẹ fún íńṣì kọ̀ọ̀kan ní bí oṣù kan kó lè gbẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti dára. Ilẹ̀ ilé ọkọ̀ tó nípọn tó íńṣì mẹ́fà, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní Èkó, níbi tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti rin, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rá ńkọ́? Mo ra ọ̀rá tó nípọn, èyí tí wọ́n ń pè ní gauge 1000, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Wọ́n tẹ́ ẹ. Mo fojú ara mi rí i. Ṣùgbọ́n mo tún fojú ara mi rí àwọn lébìrà tí wọ́n ń fi bàtà líle rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú páànù kọnkéré lórí, orí òkúta wẹ́wẹ́ ló sì wà, a kò fi yanrìn pẹlẹbẹ tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ihò mélòó ló wà lára rẹ̀ lónìí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo bi ilẹ̀ náà léèrè fúnra rẹ̀. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí, kò ná yín ní nǹkan kan. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ìbú àti òró rẹ̀ tó íńṣì 18. Ẹ tẹ́ ẹ sórí kọnkéré, kí ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé. Ẹ fi sílẹ̀ ó kéré tán fún wákàtí 16. Báyìí náà ni ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní ASTM D4263, ṣe là á kalẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, tí omi ti sẹ̀ sínú rẹ̀, tàbí tí ojú kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ti dúdú ju ẹ̀gbẹ́ lọ, ọ̀rinrin ṣì ń bọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sí ojú ibi tó pọ̀, pàápàá ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Nínú ọyẹ́, ó gbẹ. Ọmọṣẹ́ mi fò sókè, ó ti ń wá rólà. "Mọ́mì, ó ti yá, ẹ jẹ́ ká kùn ún!" Ìgbà tó dára láti kun epoxy náà nìyẹn lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ tó ń gbẹ ọ̀rinrin ló tún ń kó eruku dé, tí ẹ ó sì máa ṣa koríko àti ìyẹ́ adìyẹ kúrò lójú ọ̀dà tútù. Ní àsìkò òjò, ilẹ̀ máa ń làágùn láàárọ̀, bí ojú ilẹ̀ kò bá sì gbóná ju ìwọ̀n tí ìrì fi ń sẹ̀ lọ ní bí 3°C, ọ̀dà á ṣú, á ní ojú tó ń yọ̀. Ooru wa náà tún jẹ́ wàhálà. Agolo méjì ni epoxy, ọ̀kan ni ọ̀dà, ìkejì ni hardener. Bí ẹ bá ti pò wọ́n pọ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í le nìyẹn. Èyí tí òyìnbó kọ sára agolo pé ó lè pẹ́ tó ogójì ìṣẹ́jú, ní ìlú tirẹ̀ ni. Bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ìdajì àkókò náà ti lọ. Mo ti rí pẹ́ńtà tó dúró ń dáhùn fóònù, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbóná, tó rú èéfín, tí rólà sì dúró ṣinṣin sínú rẹ̀ títí dòní.

Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi gbé rólà sílẹ̀. Mo dúró de òjò.

Ní oṣù kẹfà, mo tún tẹ́ ọ̀rá náà sí àwọn ojú ibi kan náà. Nígbà tí mo ṣí èyí tó wà lẹ́yìn, ní ìhà kànga, omi ń kán nínú rẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú. Ẹni bá ka ọyẹ́ nìkan, ìdajì ìwé ló kà. Mo jókòó sórí korobá kan nínú ilé ọkọ̀ náà, inú mi ò dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, nítorí gèlè àwọn ẹgbẹ́ mi ni mò ń rò.

Mo yẹ nǹkan yòókù wò. Táìlì kò bá mi lára mu: ibi tí jáàkì bá dúró sí nígbà tí ẹ bá ń yọ táyà, ibẹ̀ ni yóò ti fọ́. Ìńtálọ́ọ̀kì dára níta, omi òjò á gba àárín rẹ̀ wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì á mu wọ inú rẹ̀, èèrà á sì kó yanrìn jáde. Ọ̀dà ilẹ̀ olówó kékeré, pupa tàbí àwọ̀ ewé, mò ń tà á, ojú ipa táyà ló ti ń pá, ẹ ó sì máa tún un kùn bí a ṣe ń tún Cardinal pa láyé ìjọ́hun. Epoxy tó lè fara da ọ̀rinrin wà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kun èyí tó ń dán lé e. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń kó ọ̀dà epoxy wọ orílẹ̀-èdè yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ lójú ọjà ní oṣù kẹfà 2023, iye tí mo bá kọ sára agolo ní ọ̀sẹ̀ kan lè má jẹ́ òótọ́ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì nígbà náà. Mo ka owó ìpìlẹ̀, mo ka owó epoxy, mo ka owó polyurethane tí n ó tún kùn lé ẹnu ọ̀nà ibi tí oòrùn ń dé, nítorí oòrùn máa ń sọ epoxy di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo pa ìwé náà dé.

Silicate ni mo mú. Àwọn tó ń se ọṣẹ ní Ọ̀jọ́ níbí mọ ọ̀kan nínú wọn, sodium silicate, wọ́n ń fi í sínú ọṣẹ kó lè le. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ kọnkéré ni mo rà ní tèmi, ti ọlọ́ṣẹ nípọn jù fún un, kì í wọlẹ̀ dáadáa. Ọjà kẹ́míkà Ojóta ni mo ti lọ rà á. Dáńfó lèmi àti kẹ́ẹ̀gì mi wọ̀ lọ bọ̀. Omi tó mọ́ gaara ni silicate náà. Bí a bá dà á sórí kọnkéré, á wọ inú ihò wínníwínní yẹn lọ, á bá ẹfun tí sìmẹ́ńtì pamọ́ síbẹ̀ para pọ̀, wọ́n á di nǹkan líle kan náà tó so kọnkéré pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọnkéré tuntun ní ẹfun yẹn púpọ̀, ìyẹn ni ó ṣe dára fún un. Ojú ilẹ̀ á le, kò ní máa yọ eruku mọ́. Ọ̀rinrin á sì máa ráyè jáde. Kò sí awọ lórí ilẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí yóò hó.

Kí a tó dà á, a ní láti bó awọ fẹ́lẹ́ tó wà lójú kọnkéré. Ásíìdì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, ásíìdì ni kó máa dà sínú omi, kó má da omi sínú ásíìdì láéláé, kó sì wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Èmi ò jẹ́ kó wọ ilé mi, nítorí omi tí a bá fi fọ̀ ọ́ dànù, ibo ni yóò gbà? Inú yanrìn tí kànga wa wà náà ni. Mo pe oníṣẹ́ tẹràsó, ó gbé ẹ̀rọ ìlọlẹ̀ rẹ̀ wá, ó lọ ojú ilẹ̀ náà títí yanrìn inú rẹ̀ fi yọjú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. A fọ̀ ọ́, a jẹ́ kó gbẹ, a fi pọ́ǹpù wọ́n silicate sí i, ọmọṣẹ́ mi ń fi ìgbálẹ̀ rọ́bà tì í kiri kó má dúró sójú kan. Èyí tí ilẹ̀ kò bá mu, ẹ fi omi ṣàn án kúrò kó tó gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á di funfun tí ọṣẹ kì í fọ̀.

Kò dán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ó ní àwọ̀ eérú, ó mọ́, kò yọ eruku, ó tán síbẹ̀. Ọ́ìlì lè bà á jẹ́. Mo fi irin pẹlẹbẹ kan sábẹ́ jẹnẹrétọ̀ fún dísẹ́ẹ̀lì tó ń jò, bí ọ́ìlì bá sì kán sílẹ̀, a ó da lẹ́búlẹ́bú igi lé e ká tó gbá a. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jo ọ́ìlì lójoojúmọ́ yóò kórìíra ilẹ̀ yìí.

Owó ọmọ mi ṣẹ́kù, ó sì pọ̀. Ibi tí ẹ̀rí mi ti di ìjẹ́wọ́ nìyí. Mi ò dá a padà, mi ò sì sọ fún un. Mo fi la gọ́tà yí ẹ̀yìn ilé àti ilé ọkọ̀ náà ká, mo fi páìpù gba omi òrùlé lọ sí ojú àgbàrá kó má máa dà sí ìdí ògiri. Lọ́jọ́ ìṣílé, wọ́n fi fóònù hàn án bí àwọn ènìyàn ṣe jókòó. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Mọ́mì, ilẹ̀ yẹn ò dán o."

"Kò dán, ọkọ mi."

"Owó ńkọ́?"

"Ó wà nínú gọ́tà."

Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣàlàyé fún un lálẹ́ nígbà tí àlejò lọ tán, mo sọ ti ọ̀rá, mo sọ ti oṣù kẹfà. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò fi fọ́tò ilé ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi mọ́.

Àwọn oníbàárà ló ṣòro. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá rí ilẹ̀ eérú yẹn, wọn yóò ní ọjà mi ni kò dá mi lójú. Obìnrin kan tó ń kọ́lé ní Ìgbó-Ẹlẹ́rìn wọlé láìròtẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Ìyá Ọlọ́dà, ẹ ò kun tiyín?" Mo ní ó ṣì kù. Irọ́ ni mo pa. Mo pè é padà kó tó dé géètì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo mú un lọ wo ẹ̀yìn ilé. Kò ra epoxy lọ́wọ́ mi. Ó ti rán ẹlòmíràn mẹ́ta wá látìgbà náà.

Mò ń ta epoxy síbẹ̀ o. Níbi tí a bá ti da ilẹ̀ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò mọ èyí tó dára jù ú lọ. Níbi tí a ti tẹ́ ọ̀rá dáadáa lórí yanrìn, tí a lẹ ojú ìsopọ̀ rẹ̀, tí ilẹ̀ ga, ẹ kùn ún, yóò dán, ọ́ìlì kò sì ní wọlé. Ilé ọkọ̀ ìsàlẹ̀ ní agbègbè wa, lórí ilẹ̀ tí a fi yanrìn dí, tí a kò mọ bí ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ṣe rí, silicate ni mo fara mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá ra epoxy lọ́wọ́ mi fún ilẹ̀ tí ẹ dà lọ́dún yìí, n ó kọ́kọ́ bi yín léèrè oṣù tí ẹ dà á àti bí kànga yín ṣe jìn tó. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ tẹ́ ọ̀rá yẹn nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ wá. Bó bá gbẹ, n ó tà á fún yín, n ó sì dín owó rẹ̀ kù. Bó bá rin, ẹ lọ ra silicate, kí ẹ fi owó tó kù la gọ́tà.